Kọ́kọ́rọ́ Mẹ́ta

Ọjọ́bọ̀, Iléṣà.

Ó ti rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò jẹ́ kí n sùn. Ẹ jẹ́ kí n yáa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣiṣẹ́ ẹ̀yáwó ní báǹkì kan ní Ìbàdàn. Ìwé ilẹ̀ dà? Oníduró dà? Èló ló ń wọlé lóṣù? Ìyá kan tó ń yan gàárì wá lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ fi owó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Kò ní ìwé ilẹ̀ kankan. Mo kọ "rárá" sórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó jáde. Ọpẹ́ yẹn ò kúrò létí mi títí mo fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Àwọn obìnrin tó ń fowó pamọ́ nítòsí Ọjà Àtàkúnmọ̀sà ni mò ń bá ṣiṣẹ́ báyìí. Owó oṣù mi ò tó ìlàjì ti àtijọ́. Màmá mi ṣì ń bi mí bóyá ńṣe ni wọ́n lé mi.

Ọdún 1991 ni CARE, àjọ aṣèrànwọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé, bẹ̀rẹ̀ irú ètò ìfowópamọ́ yìí ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Niger. Obìnrin bíi 15 sí 25 á kóra jọ. Wọ́n á máa ra ìpín, ọ̀kan sí márùn-ún ní ìjókòó kọ̀ọ̀kan, wọ́n á lu òǹtẹ̀ sínú ìwé kálukú. Ara wọn ni wọ́n ń yá lówó. Tó bá tó bí ọdún kan, wọ́n á pín gbogbo rẹ̀ tòun tèlé. Àpótí irin náà ní àgádágodo mẹ́ta, obìnrin mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sì mú kọ́kọ́rọ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀, Ìyá Elépo tó jẹ́ alága ní, "Àǹtí, èsúsú náà ni. Ẹ kàn fi àgádágodo sí i ni." Òótọ́ ló sọ.

Lónìí, Ìyá Ìbejì ò wá. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, ₦20,000 sì wà lọ́rùn rẹ̀. Mo ti kọ owó ìtanràn síwájú orúkọ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí màmá mi. Ó ń ru aṣọ dé Èkìtì, ó ń tà á láwìn, tí ọjọ́ ìsan bá pé, á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè: òṣó ni màá ló títí màá fi gbowó mi. Ibi tí mo máa ń dúró nínú ìtàn yẹn nìyẹn. Ṣùgbọ́n màmá mi máa ń fi kún un pé bàbá mọ ìgbà tí oníkòkó kọ̀ọ̀kan ń ká kòkó, kì í sì í lọ lóṣòó ṣáájú ìgbà náà.

Ìyá Elépo ní, "Ẹ dúró ná, Àǹtí." Ó bi àwọn yòókù pé ta ló dé ilé Ìyá Ìbejì lọ́sẹ̀ yìí. Mẹ́ta nàwọ́. Kẹ́hìndé ti wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn láti ọjọ́ Àìkú.

Kò sí ẹni tó tún bèèrè nǹkan mìíràn. Àwọn oníkọ́kọ́rọ́ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n yọ ₦5,000 láti inú àpò kékeré tí owó ìrànwọ́ wà, wọ́n yan ẹni méjì tó máa gbé e lọ, wọ́n sì sún gbèsè náà síwájú di oṣù tó ń bọ̀. Nínú gbogbo fọ́ọ̀mù tí mo kọ fọ́dún mẹ́fà, kò síbi tí wọ́n ti ní kí n bèèrè ọmọ.

Mo fi bírò pa owó ìtanràn yẹn rẹ́. Ìyá Elépo so kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ mọ́ etí ìró, ó ta á ní kókó méjì, ó fà á wò, ó padà sídìí epo rẹ̀.