Ìpàdé alájẹṣẹ́kù wa tòní

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìpàdé alájẹṣẹ́kù àwa obìnrin àdúgbò wa ní Ìkéré-Èkìtì ni mo ti ń bọ̀ yìí.

Ìyàwó kan wà láàrin wa tó ń ṣe èlùbọ́. Kóńgò ló fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn alágbàtà ló sì ń jẹ èrè ẹ̀. Lónìí ló dìde pé òun fẹ́ yáwó ra ẹ̀rọ tó ń lọ èlùbọ́. Ohùn ẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá alága ò tiẹ̀ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀: "Ìwọ ọmọ yìí, èló lò ń san fún lílọ̀ báyìí? Epo ẹ̀rọ ńkọ́? Tó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe?"

Ni ìyàwó yìí bá fa ìwé kékeré kan yọ nínú tòbí. Gbogbo ẹ̀ ló ti kọ síbẹ̀, títí dórí owó àpò tó máa fi di èlùbọ́. Ariwo sọ!

Lọ́dọ̀ tiwa, ìlọ́po méjì owó tó o bá ti fi pamọ́ lo lè yá, onídùúró méjì á sì fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ìwé ilẹ̀ bíi ti báńkì. Àmọ́ ká sọ òótọ́, owó nìkan kọ́. Ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì nínú wa ló là á yé ìyàwó náà pé tó bá fẹ́ máa di èlùbọ́ ẹ̀ sínú ọ̀rá fún àwọn ṣọ́ọ̀bù ńlá, àfi kó gba nọ́ńbà NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, òun á sì bá a lọ síbẹ̀.

Èmi ni onídùúró àkọ́kọ́. (Bàbá àwọn ọmọ mi, ẹ má bínú o, mo ti fọwọ́ sí i ná.)