Ọmọdé ṣì ni

Ọkọ̀ ojú irin gbé mi láti Torino dé Alba, ní Ítálì níbí, lówùúrọ̀ òní, bọ́ọ̀sì sì gbé mi dé Barolo, ìlú tí wáìnì Barolo ti gba orúkọ rẹ̀, níbi tí kùrukùru ti bo òkè Langhe débi pé ìlà àjàrà bíi mẹ́ta péré ni mo rí níwájú mi. Wọ́n ní láti ara orúkọ kùrukùru yìí ní èdè Ítálì ni wọ́n ti fa orúkọ Nebbiolo yọ, àjàrà tí wọ́n fi ń ṣe wáìnì náà.

Gbólóhùn kan ni kò jẹ́ kí n sùn. Bàbá arúgbó kan ní yàrá ìtọ́wò gbé ife wáìnì ọdún 2016 sókè, ó wò ó títí, ó sì sọ fún ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ọmọdé ṣì ni."

2016! Ọdún yẹn ni èmi náà dé Torino, mo sì ṣì ń dúró de ìwé ìgbélùú mi. Òfin ti ní kí Barolo dúró fún oṣù 38, kí ó lo 18 nínú rẹ̀ nínú àgbá igi, kí ẹnikẹ́ni tó lè tà á. Bí ó bá jẹ́ Riserva, èyí tí wọ́n ń fi pamọ́ pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, oṣù 62 ni, síbẹ̀ bàbá yìí kò ka gbogbo ìdúró yẹn sí nǹkan kan. Inú bí mi díẹ̀, bí ẹni pé èmi ni ó ń wò nínú ife náà.

Nígbà tí ó kàn mí, mo tọ́ ọ wò. Kò dúdú bí mo ti rò. Òórùn òdòdó róòsì wà nínú rẹ̀, àti ti ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì, ṣùgbọ́n ó fún mi lẹ́nu bí ìgbà tí ènìyàn bá jẹ kajú. Bàbá náà kò purọ́. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tí ń fọ ife rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé ibi iṣẹ́ yẹn ni bàbá ti ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa gbogbo ìgò, èmi náà sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo ra ìgò kan, owó tí kò yẹ kí n ná. Ìwé náà kò tíì dé. Ẹ má tún bi mí. Bí ó bá dé, n óò ṣí i lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ọmọdé. Tàbí kí n fi í sílẹ̀... N kò mọ̀. Mo ti tẹ́ ẹ sí abẹ́ ibùsùn, ní ìdùbúlẹ̀, kí ìdérí èèpo igi tó wà lẹ́nu rẹ̀ má baà gbẹ.