Kí ni orúkọ rẹ̀?

Aago márùn-ún ìdájí ti kọjá díẹ̀. Èmi àti àǹtí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ òru nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ká aṣọ ìbùsùn ní pálọ̀. Tẹlifíṣọ̀n wà lórí, a rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń sùn. Ìròyìn ní wọ́n gún ọmọkùnrin kan lọ́bẹ pa lálẹ́ àná, ọmọ ọdún 16. Ọlọ́pàá kò tíì dárúkọ rẹ̀. Àǹtí dúró pẹ̀lú aṣọ lọ́wọ́. Èmi náà dúró. A ò wo ojú ara wa. Ọmọ tèmi ti pé 15, tiwọn ti pé 17, àwọn méjèèjì wà lórí ibùsùn nílé, a sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe àwọn là ń bẹ̀rù fún. Orúkọ là ń dúró dè.

Ó kù díẹ̀ kí aago méje lù kí orúkọ tó jáde. Kì í ṣe orúkọ Yorùbá. Kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ Nàìjíríà. Àǹtí mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "A dúpẹ́ o." Àfi bí wọ́n ṣe fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Kí là ń dúpẹ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo àwa Yorùbá tí mo mọ̀ nílùú yìí là ń ṣe é. Tí wọ́n bá ti pa èèyàn, a ó kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó kú, a ó tún wo orúkọ ẹni tó pa á. Ti àkọ́kọ́, nítorí àánú. Ti ìkejì, nítorí ojú tí wọn yóò fi wò wá nínú bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kejì.

Ìgbà kan wà tí orúkọ tó jáde jẹ́ tiwa gan-an. November 27, ọdún 2000: Dámilọ́lá Taylor, ọmọ ọdún 10, ń ti ilé ìkàwé bọ̀ ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n fi àfọ́kù ìgò gún un ní itan. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí òun àti ìyá rẹ̀ dé láti Nàìjíríà. Ìwòsàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ní wárápá ló gbé wọn wá. Mo ṣì wà ní SS2 n'Ìbàdàn nígbà náà. Dámilọ́lá mẹ́ta ló wà ní kíláàsì wa, obìnrin méjì, ọkùnrin kan. Bí tíṣà ṣe ka ìwé ìròyìn náà tán, gbogbo wa yíjú sí èyí ọkùnrin. Ó ní, "Ẹ yé wò mí." Kò tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí a fi jáde. Bàbá ọmọ náà, Richard Taylor, ń bá àwọn ọ̀dọ́ ìlú yìí sọ̀rọ̀ lórí ọ̀bẹ títí tí wọ́n fi kú ní 2024. Wọ́n fi orúkọ ọmọ náà sọ ilé àwọn ọ̀dọ́ kan ní Peckham, àwọn òyìnbó àdúgbò sì ń pè é báyìí láìkọsẹ̀. Owó ẹ̀kọ́ yẹn ti wọ́n jù.

Irọ́ náà ní orúkọ tirẹ̀. Ní July 29, ọdún 2024, ọ̀bẹ pa ọmọbìnrin kékeré mẹ́ta níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ijó ní Southport. Ẹni tó ṣe é kò tíì pé 18, nítorí náà wọn ò lè tètè dárúkọ rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn kan ti hun orúkọ kan tó dún bíi ti Lárúbáwá sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní asásàálà tó fi ọkọ̀ ojú omi wọlé ni. Irọ́ gbuu. Cardiff ni wọ́n bí i sí. Lọ́jọ́ kejì àwọn jàǹdùkú ti ń sọ òkò lu mọ́ṣáláṣí ibẹ̀. Adájọ́ gbà kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ gan-an ní August 1. Àwọn àgbà ní bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Irọ́ ọjọ́ mẹ́ta ni ti Southport, òtítọ́ ò bá a: ní August 4 wọ́n ń dáná sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn asásàálà ń gbé ní Rotherham, èèyàn sì wà nínú rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ yẹn mo ní kí ọmọ mi má wọ húùdì jáde, bí ẹni pé húùdì ni wọ́n ń bínú sí. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóìsì ránṣẹ́ láti Ìbàdàn: "Ẹ máa bọ̀ nílé o." Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n ti mú iná wá. Wọn ò fèsì. Ní August 7 tí a gbọ́ pé àwọn jàǹdùkú náà ń bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, dúdú àti funfun, ló tú jáde sí Walthamstow láti pàdé wọn, ọ̀pọ̀ àwọn tí à ń bẹ̀rù kò sì yọjú. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Màmá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n má lọ sílé lálẹ́ yẹn. Mo ní, "Màmá, iṣẹ́ òru ni mo wá ṣe."

Ti òṣèlú wá ńkọ́? Kẹ́mi Badenoch, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, di olórí ẹgbẹ́ Kọnsáfétíìfù ní November 2024, ó sì sọ pé ọlọ́pàá Nàìjíríà gba bàtà àti aago lọ́wọ́ arákùnrin òun. Inú bí àwọn ará ilé. Tèmi ò bí lórí ìyẹn. Ẹni tí wọn ò tíì dá dúró lójú pópó rí ni kó bínú. Òfin March 11, ọdún 2024 ló ń dùn mí, èyí tí ìjọba ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe nígbà tí òun náà jẹ́ mínísítà: òṣìṣẹ́ kíà, irú àwa tí à ń tọ́jú arúgbó, tó bá ń ti òkè òkun bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ wá mọ́. Ẹgbẹ́ Lébà dé, wọn ò yí i padà, ní July 2025 wọ́n tún ní kí wọ́n má gba òṣìṣẹ́ kíà tuntun láti òkè òkun mọ́. Ọ̀kan nínú wa fi ọmọ ọdún mẹ́ta sílẹ̀ ní Òṣogbo. Orí fóònù ló ti ń kọ́ ọ ní a, b, d.

Èyí tó múnú bí mi ni èsì Igbákejì Ààrẹ Kashim Shettima, pé obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ láti yọ Kẹ́mi kúrò nínú orúkọ rẹ̀. Ta ló pe ìjọba àpapọ̀ sí ìkómọ? Lọ́jọ́ kẹjọ, nígbà tí oyin, iyọ̀ àti ataare wà nílẹ̀, tí àgbà gbé ọmọ lọ́wọ́, mi ò rí mínísítà kankan níbẹ̀. Wọ́n lè gba páàspọ́ọ̀tù lọ́wọ́ èèyàn. Mi ò ní dìbò fún obìnrin náà láé, ṣùgbọ́n kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Orin ló kù, òun náà ló sì dùn mọ́ mi jù. Àṣàkẹ́ ni oríkì ìyá ìyá mi. Mo dàgbà sínú kí wọ́n máa pè é lẹ́yìnkùlé, "Àṣàkẹ́ ò, omi ti hó!" Lónìí ọmọkùnrin kan tó sọ orúkọ ìyá rẹ̀ di orúkọ orin ti kún gbọ̀ngàn O2 ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọmọ òyìnbó sì ń kígbe oríkì obìnrin tiwa. Ìlù rẹ̀ ń rùn fújì, ọmọ mi tí kò lè fi Yorùbá ra ata mọ gbogbo rẹ̀ lórí.

Àmọ́ ojú ti rí nǹkan lórí orúkọ yìí pẹ̀lú. December 15, ọdún 2022, ní Brixton, èrò tí kò ní tíkẹ́ẹ̀tì ya lu ẹnu ọ̀nà eré Àṣàkẹ́ olórin yìí. Wọ́n dá eré dúró. Ọmọ àǹtí ibi iṣẹ́ wà láàárín èrò, fóònù rẹ̀ kò sì wọlé títí di aago méjì òru. Ìyá ọlọ́mọ méjì kan kú, ẹni ọdún 33, àti ọmọ ọdún 23 tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ níbẹ̀. À ń dúró de orúkọ nígbà yẹn náà. Ti ìyá yẹn dún bíi tiwa létí mi. Kò sẹ́ni tó sọ pé a dúpẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ àná, mò ń de bàtà láti lọ síbi iṣẹ́ nígbà tí ọmọ mi yọ nǹkan etí rẹ̀ kúrò, ó bi mí ní Gẹ̀ẹ́sì pé kí ni Àṣàkẹ́ túmọ̀ sí. Mo ní ẹni tí a ṣà láti kẹ́ ni. Ó ronú díẹ̀. Ó ní ṣé òun náà ní irú rẹ̀. Mo ní Àjàní ni. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fi gègé kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé owó iná, mo fi gbogbo àmì sí i. Ó gbé fóònù, ó ń wá ibi tí àmì wà lórí bọ́tìnnì. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, bọ́ọ̀sì mi kò ní dúró dè mí.