Kí ẹ tó fi àwo orin tàbí ìwé àlòkù ránṣẹ́ sí kọsitọ́mà, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà ara ẹ̀ ná

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí o, tẹ́ ẹ bá débi tí mo ti ń pariwo, ẹ fò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta ìwé àti àwo orin àlòkù, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí ò rọrùn. Ẹ máa nu eruku ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ máa gbé wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọsitọ́mà á wá máa nájà bíi pé ẹ jí wọn ni. Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí mọ́. Ẹni tó ra LP kan, ìyẹn àwo orin ńlá, lọ́wọ́ mi láìpẹ́ yìí ló dá ọgbẹ́ sí mi lọ́kàn.

Àwo yẹn dáa. Àkọ́tẹ̀ ni, páálí ẹ̀ ò ya, bébà tí wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ orin sí ṣì wà nínú ẹ̀. Mo gbọ́ ọ tán pátápátá kí n tó kọ Near Mint sí i, ìyẹn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi tuntun, torí èmi kì í kọ ọ́ lásán o, ẹni bá ti ra ọjà lọ́wọ́ mi mọ̀. Ó sanwó, mo dì í dáadáa, ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀. Ó dákẹ́. Ìgbà tó yá ló wá kọ̀wé pé ó ń ta pàpàpà, ó ń fò, òun ń gba owó òun. Ìkànnì tá a ti ń tajà ní kó dá àwo padà, kí owó ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀, ó tán.

Ẹrù padà dé, mo ṣí i. Páálí tèmi ni, mo mọ igun tó tẹ̀ díẹ̀ yẹn. Bébà inú ẹ̀, tèmi ni. Mo fa àwo yọ, mo gbé e síbi iná, háà, ojú ẹ̀ ti họ káàkiri bí ibi tí adìẹ ti ń tanlẹ̀! Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo kọ́kọ́ rò pé inú ọkọ̀ ló ti bà jẹ́, torí lébẹ́ẹ̀lì àárín ẹ̀ bá tèmi mu, àwọ̀ kan náà, lẹ́tà kan náà. Mo wá ń yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná, mò ń wá runout ẹ̀, ìyẹn ibi tó ń dán tí ò ní orin láàárín orin ìparí àti lébẹ́ẹ̀lì, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń gbẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà wínníwínní sí. Tèmi parí sí A1. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi parí sí A5. Mo tún un kà. Mo lọ wá awò ojú mi wọ̀, mo tún kà á, A5 náà ni. Kì í ṣe àwo mi! Ó ti yọ tèmi, ó ti ki jágajàga tiẹ̀ bọ inú páálí mi, ó sì ti gba owó ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ò jáde lẹ́nu mi. Nígbà tí mo kọ̀wé sí i, ẹ gbọ́ èsì tó fún mi: "Ohun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ náà ni mo dá padà, ẹ lọ lu jìbìtì yín níbòmíì." Èmi! Èmi ni mo wá di oníjìbìtì!

Fọ́tò runout náà ti wà nínú ìpolówó tí mo fi ta á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo fi fọ́tò tuntun tì í, mo fi ránṣẹ́ sí ìkànnì yẹn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n san owó mi. Àwo yẹn ò padà wá ṣá.

Ẹ̀kọ́ kìíní nìyẹn: ẹ ya fọ́tò runout. Ilé iṣẹ́ lè tẹ orin kan náà láìmọye ìgbà, páálí á jọra, lébẹ́ẹ̀lì á jọra, àmọ́ tí wọ́n bá pààrọ̀ àwo ìyá tí wọ́n fi ń tẹ àwọn tó kù, nọ́ńbà yẹn sábà máa ń yí padà. Òun làwọn èèyàn orí Discogs, ìkànnì tí wọ́n ti ń to ẹ̀dà àwo orin lẹ́sẹẹsẹ tí wọ́n sì ń tà wọ́n, fi ń ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíì látọdún yìí wá. Iye tí àkọ́tẹ̀ ń pa àti iye tí àtúntẹ̀ ń pa lè jìnnà síra bí kí ni, nítorí náà ẹni tí ò ka runout ò tíì mọ ohun tó fẹ́ tà.

Ẹ̀kọ́ kejì jọ ti àkọ́kọ́, ẹ má bínú, àmọ́ ti ìwé ni. Ẹ ṣí ẹ̀yìn ojúewé àkọlé, ẹ wo ìlà nọ́ńbà tó wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ló jẹ́ pé tí 1 bá ṣì wà nínú ìlà yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ ẹ̀dà yẹn ni, bí kò bá sí, nọ́ńbà tó kéré jù níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà kelòó. Ẹ wo ISBN ẹ̀ náà, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Ọdún 2007 ni wọ́n kúrò lórí oní-nọ́ńbà 10 bọ́ sórí oní-nọ́ńbà 13, torí náà ẹni tó bá ní ìwé òun jẹ́ àkọ́tẹ̀ ọdún 1980, tẹ́ ẹ wá rí ISBN oní-13 tí wọ́n tẹ̀ sójú ewé yẹn, àtúntẹ̀ ló fẹ́ tà fún yín. Ẹ yà á ní fọ́tò, torí wọ́n lè pààrọ̀ ìwé náà bí wọ́n ṣe pààrọ̀ àwo mi.

Ẹlòmíì á ní kí ló dé tí mi ò fi bírò sàmì sí i níkọ̀kọ̀. Sára Near Mint kẹ̀? Kí n fọwọ́ ara mi sọ ọ́ di VG, ipò tó rẹlẹ̀ ju Near Mint lọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń sọ pé ọjà tó bá ti pẹ́, olówó ńlá ni, ẹ jọ̀ọ́. Àwo 78, ìyẹn àwo àtijọ́ tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ti wà ṣáájú kí LP tó jáde lọ́dún 1948, síbẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò mówó wá, ó wúwo, ó tún máa ń fọ́ lọ́nà. Encyclopaedia ńkọ́? Kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e. Ìwé ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ̀dà tuntun bá ti jáde báyìí, ti àtijọ́ ti ṣubú. Ìwé ìtàn tí jákẹ́ẹ̀tì ẹ̀, ìyẹn bébà tí wọ́n fi ń bo èèpo ìwé, ti sọnù, tó bá jẹ́ àkọ́tẹ̀, owó ńlá ló bá jákẹ́ẹ̀tì yẹn lọ. Ipò tí ọjà wà ló ń sọ̀rọ̀.

Èmi ò sì bá àwọn tó ń da sídì nù ṣe. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní inú fóònù ni gbogbo orin yín wà, ẹ gbìyànjú kẹ́ ẹ tún un tà ná. ReDigi, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ máa bá àwọn èèyàn tún orin orí íntánẹ́ẹ̀tì tà, gbìyànjú ẹ̀ ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 2018 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé kò bófin mu. Sídì lẹ lè tà fún ẹlòmíì. Ike ẹ̀ tó bá fọ́ ẹ lè pààrọ̀ ẹ̀, ìwé pélébé inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣọ́. Ó ní nọ́ńbà tiẹ̀ náà, lábẹ́ ẹ̀, yí ihò àárín ká, ẹ yà á.

Fọ́tò ọ̀hún náà, ẹ má tan filáàṣì sí i o, gbogbo ẹ̀ á kàn funfun ni. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì fóònù míì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ máa yí àwo náà díẹ̀díẹ̀ títí lẹ́tà yẹn á fi yọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí lébẹ́ẹ̀lì hàn nínú fọ́tò kan náà, kí wọ́n má bàa sọ pé àwo míì lẹ yà.