Kí ẹ tó lọ sí etíkun South Carolina, ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tí omi ń kún

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ará wa ní Atlanta tó bá fẹ́ kó ìdílé wọn lọ sí etíkun South Carolina ni pé, kí wọ́n tó wá hòtẹ́ẹ̀lì rárá, kí wọ́n lọ wo àkókò tí òkun máa kún àti èyí tó máa fà. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, erékùṣù pọ̀ lọ jàra, irà oníyọ̀ ló sì wà láàárín wọn. Ní agbègbè Beaufort, omi lè fi ẹsẹ̀ bàtà méje ga sí i láàárín wákàtí mẹ́fà. Odò tí ọkọ̀ ń gbà láàárọ̀ lè di ẹrẹ̀ dúdú lọ́sàn-án, tí oyster, ẹran omi oníkarawun, lẹ̀ mọ́ ara wọn lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé fi ẹsẹ̀ lásán wọ̀ ọ́ o, karawun yẹn mú bí abẹ.

Erékùṣù Hunting Island, nítòsí Beaufort, ni mo ti rí agbára omi yìí jù. Bó bá fà, iyanrìn fẹ̀ débi pé àwọn ọmọ lè sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n. Bó bá kún, apá ibì kan ò ní síbi ìdúró mọ́. Àwọn igi tí òkun ti hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò sùn káàkiri, iyọ̀ àti oòrùn ti bó wọn funfun. Ilé ìmọ́lẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà níbẹ̀, tí wọ́n parí ní 1875, irin awẹ́-awẹ́ ni wọ́n tò kọ́ ọ, kó lè ṣeé tú. Ní 1889 wọ́n tú u lóòótọ́, wọ́n gbé e wọnú erékùṣù, torí òkun ti ń jẹ ilẹ̀ bọ̀ wá bá a. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ilé ńláńlá Charleston lọ.

Kíkún omi yìí náà ló sọ àwọn olóko ìrẹsì di olówó. Àwọn ẹrú tí wọ́n kó wá láti Áfíríkà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì bíi Sierra Leone, ló gé igi irà, tí wọ́n mọ odi amọ̀, tí wọ́n sì ń ṣí ilẹ̀kùn onígi fún omi odò kó lè wọ oko nígbà tí òkun bá tì í gòkè. Àwọn Gullah Geechee, ọmọ wọn, ṣì wà níbẹ̀. Ẹ dé Penn Center ní erékùṣù St. Helena nítòsí Beaufort, níbi tí ilé ẹ̀kọ́ fún àwọn tó kúrò lóko ẹrú ti bẹ̀rẹ̀ ní 1862.

Lẹ́bàá títì 17 ní Mount Pleasant, àwọn ìyá ń hun agbọ̀n koríko. Wọ́n á fi ọrùn ṣíbí tí wọ́n ti rẹ́ lu ihò sáàárín koríko, wọ́n á fa imọ̀ ọ̀pẹ gba ibẹ̀, wọ́n á fún un le. Ó wọ́n, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an bí ẹni wà ní Dùgbẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni.

Nítòsí Beaufort, ní Sheldon, ni Ọ̀yọ́túnjí wà, abúlé àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tó ń tẹ̀lé àṣà Yorùbá. Ọba Ẹfúntọ́lá Adéfúnmi Kìíní, ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n bí ní Detroit, ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 1970, wọ́n sì dé e ládé ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1981. Ẹ kí wọn dáadáa ní Yorùbá, ẹ tọrọ àyè kẹ́ ẹ tó ya fọ́tò. Bí ohùn wọn ò bá dún bíi tiwa, ẹ má rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi ìfẹ́ wá ohun tí wọ́n fipá gbà lọ́wọ́ àwọn baba wọn.

Oṣù kẹrin tàbí ìkẹwàá ló dára jù, kantíkantí lè pọ̀ o. Oṣù kẹfà sí ìkọkànlá ni àsìkò ìjì líle. Tí ìjọba bá ní kẹ́ ẹ kúrò ní St. Helena tàbí Hunting Island, títì kan ṣoṣo ló jáde, ẹ má dúró di alẹ́.