Ojú Ọjọ́ Lẹ́bàá Adágún Ńlá Nígbà tí Ooru Bá Ń Kásẹ̀ Nílẹ̀

Ní Àkúrẹ́ níbí, bí oṣù Kẹjọ bá ti wọlé, òjò a máa dáwọ́ dúró díẹ̀. Ojú ọ̀run lè ṣú láti àárọ̀ dé alẹ́ láìsí ọ̀wààrà, nítorí pé omi òkun tó wà ní gúúsù wa a máa tutù lásìkò náà. Àbúrò mi tó ń gbé ní Chicago, lẹ́bàá adágún Michigan, ọ̀kan lára àwọn Adágún Ńlá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sọ fún mi pé lọ́dọ̀ tiwọn, oòrùn lè máa jó èèyàn láàárín ìgboro, kí ẹni tó dúró létí omi sì máa wá súwẹ́tà.

Ilẹ̀ ló tètè ń gbóná ju omi lọ. Bí afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ bá ti gbóná tó sì gòkè, afẹ́fẹ́ tútù orí adágún á rọ́ wọlé lọ́sàn-án láti gba ipò rẹ̀, ibi tí àwọn méjèèjì bá sì ti pàdé ni ìkùukùu ti sábà máa ń ga títí àrá á fi sán. Iṣẹ́ asọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ níbẹ̀ kò rọrùn rárá, torí pé àdúgbò kan lè rẹ gbindin kí èkejì má rí ẹ̀kán kan.

Nígbà tó bá di oṣù Kẹsàn-án, omi ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí afẹ́fẹ́ tútù láti Kánádà bá ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ìgbà náà ni ìjì tó dúró bí òpó máa ń yọ lójú adágún. (Mo rí fọ́tò rẹ̀, ó bà mí lẹ́rù.)