Ẹjọ́ àìsàn tí dókítà kò rí: ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ lọ́yà, ẹjọ́ tó ń dùn mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni èyí tí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ olùpẹ̀jọ́, tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ hàn gbangba, ṣùgbọ́n tí kóòtù dà á nù láì gbọ́ ọ torí pé ó pẹ́ kó tó dé. Ẹjọ́ àìsàn tí dókítà kò tètè rí máa ń tètè bọ́ sínú wàhálà yìí. Bí wọ́n bá gé ẹsẹ̀ tí kò yẹ kí wọ́n gé, ọjọ́ yẹn gan-an ni aláìsàn á mọ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá wo kókó inú ọmú, tó ní kì í ṣe nǹkan kan, tó kọ oògùn ara ríro tó sì ní kó máa lọ sílé, ọkàn onítọ̀hún á balẹ̀ ni. Kó tó mọ̀ pé jẹjẹrẹ ni, oṣù á ti gorí oṣù.

Òfin kì í sì í dúró dè é. POPA, òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba, fún èèyàn ní oṣù 3 péré láti pẹjọ́, wọ́n sì ń kà á láti ìgbà tí òṣìṣẹ́ náà ti ṣe ohun tí à ń bá a jà sí tàbí tó ti kùnà láti ṣe é. Nínú ẹjọ́ Ibrahim ní Kàdúná lọ́dún 1998, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kì í ṣe èèyàn ẹlẹ́ran ara nìkan ni òfin náà bò, ó bo iléeṣẹ́ ìjọba náà. Ìyẹn ni pé ilé ìwòsàn ìjọba lè sá sábẹ́ rẹ̀. Kò sì sí gbólóhùn kankan nínú rẹ̀ nípa ọjọ́ tí aláìsàn tó mọ̀.

Ó ká mi lára, torí a mọ ibi tí òfin yìí ti wá. Lọ́dún 1893 ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ nílùú Ọba, oṣù 6 ni wọ́n fi sí i. Ti ọ̀dọ̀ wa, tó ti wà láti ọdún 1916, wá di oṣù 3. Àwọn tó ni ín fagi lé tiwọn lọ́dún 1954. Tiwa ṣì ń lé èèyàn jáde ní kóòtù. Lọ́dún 1963, ẹjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ irin kan, ẹjọ́ Cartledge, dé iwájú àwọn adájọ́ àgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Eruku ti ba ẹ̀dọ̀fóró wọn jẹ́ láì jẹ́ kí wọ́n fura. Àwọn adájọ́ ní àkókò ti kọjá lórí wọn kí wọ́n tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe wọ́n, wọ́n sì sọ ọ́ síta pé òfin tó mú wọn dá irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ kò dáa. Lọ́dún yẹn náà ni ilé aṣòfin wọn tún un ṣe. Lónìí, lábẹ́ òfin ọdún 1980, ọdún 3 ni wọ́n ń fún aláìsàn, wọ́n sì lè kà á láti ọjọ́ tó mọ̀, tàbí tó yẹ kó mọ̀, pé ìpalára tó lágbára ti ṣe òun àti pé ohun tí dókítà ṣe tàbí tí kò ṣe ló fà á. Bí oníbàárà bá sọ fún yín pé àbúrò òun ní Lọ́ńdọ̀nù ní òun ṣì ní ọdún 3, òótọ́ ni àbúrò náà sọ, àmọ́ òótọ́ ti ọ̀hún ni.

Bí ilé ìwòsàn aládàáni bá ni, POPA kò kàn án. Òfin ìpínlẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ti Èkó fún ẹjọ́ ìpalára tí àìbìkítà fà jẹ́ ọdún 3.

Nítorí náà, bí oníbàárà bá jókòó síwájú yín, ẹ má jẹ́ kí ìtàn gbé yín lọ kẹ́ ẹ tó béèrè ọjọ́. Obìnrin kan wá sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú káàdì ilé ìwòsàn tó ti gbó, tí wọ́n fi sẹlotéèpù lẹ̀ pọ̀. “Láti ọdún tó kọjá ni, sà,” ló ń wí. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó lọ ló ń sọ, torí ọjọ́ yẹn ló ń dùn ún. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ojú ewé kejì káàdì náà, a rí déètì kan tí kò tíì pé oṣù méjì. Ó ti padà lọ, ó tún fi kókó yẹn hàn wọ́n, dókítà mìíràn tún ní kò sí ewu, kò sì ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò kankan. Déètì yẹn la gbé ẹjọ́ kà. Ìkùnà tuntun ni, ó sì ní ọjọ́ tirẹ̀.

Ẹ má ṣe gbára lé ibi tí POPA ti sọ̀rọ̀ nípa ìpalára tó ń bá a lọ. Kóòtù ti túmọ̀ rẹ̀ pé ìwà àìtọ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ máa bá a lọ, kì í ṣe ìrora tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Pé jẹjẹrẹ ń tàn kálẹ̀ nínú ara kò tó. Látìgbà ẹjọ́ Egbe àti Adefarasin lọ́dún 1987 la sì ti mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò rẹ̀: wọ́n á wo ọjọ́ tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sínú ìwé ìpẹ̀jọ́ pé ìwà náà ṣẹlẹ̀, wọ́n á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi ìwé sílẹ̀ ní kóòtù. Ẹni tó bá kọ “láti ọdún tó kọjá” sínú ìwé rẹ̀ ti bá olùjẹ́jọ́ ṣiṣẹ́.

Ohun mìíràn tó ń jẹ àkókò ni ọ̀rọ̀ dídùn. Ilé ìwòsàn á ní kẹ́ ẹ fún àwọn láyè, pé àwọn ti gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, pé ọ̀gá àgbà ti rìnrìn àjò. Ẹ máa bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹjọ́ Eboigbe àti NNPC lọ́dún 1994: ìdúnàádúrà kì í dá àkókò dúró. Ẹ tún yẹ òfin tó dá ilé ìwòsàn náà sílẹ̀ wò, bóyá ó ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé kìlọ̀ fún wọn kẹ́ ẹ tó pẹjọ́. Ní ti fáìlì aláìsàn, òfin òmìnira ìròyìn ọdún 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn, òfin ààbò dátà ọdún 2023 náà sì fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó wà lákọọ́lẹ̀ nípa rẹ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bí wọn kò bá tètè dáhùn, ẹ fi èyí tó wà lọ́wọ́ pẹjọ́, kẹ́ ẹ tọrọ àyè àtúnṣe tó bá yá.

Nígbà mìíràn, oníbàárà á dé nígbà tí gbogbo rẹ̀ ti kọjá, kò sì ní sí déètì kankan nínú káàdì tó lè gbé ẹjọ́ dúró. Ẹ má rán akọ̀wé sí i. Ẹ pè é jókòó, kẹ́ ẹ sọ fún un lójúkojú, ní èdè tó yé e. Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó ṣì lè kọ̀wé ẹ̀sùn sí MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ dókítà, tí ìgbìmọ̀ ìbáwí rẹ̀ lè dá dókítà dúró lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ní san owó gbà-má-bínú fún un. Kẹ́ ẹ sì kọ ìmọ̀ràn náà sílẹ̀ fún un, kó má baà gbọ̀nà ọ̀dọ̀ lọ́yà mìíràn lọ ná owó oògùn rẹ̀ sórí ẹjọ́ tí kóòtù kò ní gbọ́.